Gbogbo wọn ló pe ìyá yẹn, èmi ni mo gbé e mì

Èmi ni mo jẹ́ kí àgbà obìnrin kan máa rò pé kò sẹ́ni tó ka òun sí níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá ní kí n máa yí i po, mi ò ní kọ ọ́ tán. Mo ti kọ ọ́ lórí fóònù yìí tí mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́, mo tún pa á rẹ́... Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá àwọn èèyàn lóhùn lójú ewé yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò bi yín ní nǹkan kan rí. Lónìí ó ti kan èmi náà. Ẹ bá mi kà á délẹ̀ kí ẹ tó bú mi. Ìsọmọlórúkọ kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kó tó di ọjọ́ yẹn mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí mo máa ṣe.

Bouaké ni mo wà, ní Côte d'Ivoire. Àdúgbò Koko ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi ti wá, Anago ni àwọn ará ibí ń pè wá, Anango lẹ́nu àwọn Dioula. Mi ò kàwé lọ títí, ìparí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti dúró, kí ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Ohun tí Ọlọ́run fún mi ni ẹnu. Mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Dioula bí ọmọ wọn, mo gbọ́ Baoulé, mo sì ń sọ Faransé tí èèyàn lè gbọ́. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe kaṣú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò ní sọ èwo. Wọ́n á sè é, wọ́n á fọ́ èèpo rẹ̀, wọ́n á gbé e sínú ààrò kó gbẹ, lẹ́yìn náà àwọn obìnrin á jókòó sídìí tábìlì gígùn, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ kékeré bó awọ pupa ara rẹ̀ kúrò, odindi sọ́tọ̀, èyí tó fọ́ sọ́tọ̀. Èmi ni mo ń gbé àwo lọ gbé àwo bọ̀ láàárín wọn, tí mo sì ń wọn ohun tí wọ́n bá bó. Dioula wà nínú àwọn obìnrin náà, Baoulé tó ń ti Brobo àti Diabo wá wà níbẹ̀, àwa Anago náà ò gbẹ́yìn.

Ìyá kan wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní Ìyá Kúdí, kì í ṣe orúkọ ọmọ wọn gan-an. Ìyá Kúdí kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni. Bíbó ni wọ́n ń bó kaṣú bí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin tuntun bá wọlé, Ìyá Kúdí ló máa fi epo pa á lọ́wọ́ kí oje èèpo kaṣú má bàa jó o. Bí ara ọmọ ẹnì kan bá ń gbóná nílé, Ìyá Kúdí ló máa fa àwo onítọ̀hún sọ́dọ̀ ara wọn kó lè tètè máa lọ. Bí Dioula àti Baoulé bá sì ń bú ara wọn nítorí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, Ìyá Kúdí á dìde, wọ́n á lọ jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, wọ́n á máa bó kaṣú wọn lọ láìsọ nǹkan kan. Mo rántí ọjọ́ kan tí ọ̀kan nínú àwọn oníjà ní kí Ìyá Kúdí, Tantie Anango lẹ́nu tirẹ̀, jọ̀ọ́ sún kúrò kí òun lè rí ojú ẹni tí òun ń bú. Ìyá Kúdí ní kó máa bú u lọ, pé bí èébú náà bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn á bá a nà án sí i. Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín, ìjà parí. Ìyá Kúdí náà ló lọ bá mi bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ níbẹ̀, mi ò gbàgbé.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa, ta ló máa la ẹnu pe àgbà lórúkọ? Àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n ní Ìyá Kúdí. Àwọn tó mọ ọkọ wọn ní Koko ń pè wọ́n ní Ìyàwó Àfáà. Ìyàwó àbúrò ọkọ wọn náà ń bó kaṣú lọ́dọ̀ wa, Ìyálé mi ló ń pè wọ́n. Àwọn Dioula ń pè wọ́n ní Tantie Anango, àwọn ọmọbìnrin Baoulé ń pè wọ́n ní Mamie. Orúkọ tó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ní Habibatou ni. Kò sẹ́ni tó ń pè é. Èmi mọ̀ ọ́n torí èmi ni mo máa ń bá wọn ka ìwé tí ọ́fíìsì bá fún wọn, wọn ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ ọmọ kékeré, orúkọ mi gan-an ni gbogbo ayé ń pè, Anago, Dioula, Baoulé, orúkọ kan náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lágbájá gbé àwo wá, lágbájá wá wọ̀n ọ́n, lágbájá ariwo rẹ ti fọ́ mi lórí lónìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà.

Ọ̀gá pátápátá tuntun dé láti Abidjan. Wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé, wọ́n ní wọ́n máa tún ìjókòó gbogbo tábìlì tò, wọ́n sì máa kó àwọn kan lọ sí ibòmíràn. Ọ̀gá náà wá pe Madame kan wá, ọ̀mọ̀wé ni, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wá ohun tó pè ní réseau, ìyẹn okùn tó so àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn tí kò sí nínú ìwé kankan. Ó jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa, kò fojú tín-ín-rín mi. Ó ní gbogbo ilé iṣẹ́ ló ní ọ̀gá lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn èèyàn ń sá tọ̀ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, kì í sábà jẹ́ òun ni ìwé ń dárúkọ. Ó ní òun máa bi olúkúlùkù: bí iṣẹ́ bá dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́, ta lò ń lọ bá? Ta lò ń bá jẹun? Bí ara rẹ ò bá yá, ta lo máa kọ́kọ́ sọ fún? Ẹnì kọ̀ọ̀kan á wá di àmì róbótó kan lórí kọ̀ǹpútà. Bí o bá pe ẹnì kan, ọfà kan á ti ọ̀dọ̀ rẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, bí ọfà bá ṣe ń pọ̀ lọ́dọ̀ èèyàn ni róbótó tirẹ̀ á ṣe máa tóbi. Ó ní bí ọ̀gá bá fẹ́ tún ìjókòó tò, kó mọ okùn tí kò gbọ́dọ̀ já. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí mà dáa. Wọ́n ní kí n wá máa ṣe ògbufọ̀ fún un.

Yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń kó àpò sí la jókòó sí, àwọn obìnrin ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi Madame ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ọ̀kan bi í pé ṣé ọkọ rẹ̀ ló ń wá ìyàwó kejì tó fi ń bèèrè ẹni tó ń bá ẹnì kan jẹun. Madame rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ gan-an lòun ń wá. Inú gbogbo wọn dùn sí i. Ìyàwó àbúrò ọkọ Ìyá Kúdí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Bí iṣẹ́ bá dàrú ta lò ń lọ bá? Ó ní Ìyálé mi. Bí ara rẹ ò bá yá ńkọ́? Ó ní Ìyálé mi náà ni, ta ni mo tún ní. Madame bi mí pé kí ni ìyálé, mo ní ìyàwó tó ṣáájú ẹni délé ọkọ ni. Ó ní ṣé ẹni náà ń ṣiṣẹ́ níbí? Ooru ń mú, èèyàn pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àlàyé náà gùn lójú mi, mo kàn ní rárá, ọ̀rọ̀ ilé ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Mi ò ro nǹkan kan lọ́kàn nígbà yẹn, mo fi Ọlọ́run búra fún yín. Madame ní kò burú, ẹni tó bá jẹ́ ará ìta kò ní wọ inú àwòrán.

Nígbà tí a ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, Madame ní kí n wá wo bó ṣe ń lọ. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Mo rí àwọn róbótó kéékèèké bí ẹyin, àwọn ọfà tín-ínrín láàárín wọn, mo wá rí ọ̀kan tó tóbi ju gbogbo wọn lọ. Ó ní ìwọ nìyẹn. Èmi kẹ̀? Ó ní gbogbo wọn ló ń pè ọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn mí rí. Rírán ni wọ́n ń rán mi níṣẹ́. Ká wọ̀n ọ́n, ká gbé e, ká bá wọn ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn náà lè di nǹkan lójú ọ̀mọ̀wé. Mo wo róbótó yẹn pẹ́... Mo rìn délé lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ò kàn mí lẹ́sẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ má bá mi wá àwáwí. Àwọn ọmọ Baoulé ń wọlé, wọ́n ń pe Mamie, mo ní ìyá tó ń ta oúnjẹ attiéké lẹ́nu ọ̀nà ni, wọ́n ń pe òun náà ní Mamie lóòótọ́. Àwọn Yorùbá wọlé, wọ́n ní Ìyàwó Àfáà, mo ní aya àlùfáà àdúgbò wa ni, àbí kì í ṣe òótọ́? Wọ́n ní Ìyá Kúdí, mo ní aládùúgbò wa ní Koko. Òótọ́ náà ni. Àwọn Dioula ń pe Tantie Anango ṣáá, ẹni yìí wọlé ó ní Tantie Anango, tọ̀hún wọlé ó ní Tantie Anango. Madame gbọ́ Dioula díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló bi mí pé ta ni Tantie Anango yìí. Mo ní gbogbo obìnrin Yorùbá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ṣé ẹ rí i? Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó jẹ́ irọ́ pátápátá. Ìdajì òtítọ́ ni mo ń kó lé ara wọn títí tí odindi ìyá fi pòórá. Mo ti rí i pé bí gbogbo orúkọ yẹn bá lọ pàdé lórí ẹnì kan, róbótó tèmi ò ní ju kóńkó lọ.

Madame ò gọ̀ o. Lọ́jọ́ tí a máa parí, ó gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí, ó ní òun máa ń rí i níbòmíràn pé àgbà kan lè ní orúkọ bíi mélòó kan lẹ́nu àwọn èèyàn, ṣé nínú gbogbo orúkọ tí a yọ sí ẹ̀gbẹ́ yìí, kò sí méjì tó jẹ́ ti ẹnì kan náà? Ó bèèrè pẹ̀lú sùúrù. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún mi gbalaja. Mo ní rárá, Madame. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní láìsí èmi òun ì bá má rí iṣẹ́ náà ṣe.

Ìyá Kúdí náà wọlé wá dáhùn tiwọn. Ta lẹ̀ ń lọ bá? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ní ọmọ mi yìí náà ni, òun ló ń bá mi kàwé. Ta lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún bí ara yín ò bá yá? Wọ́n ní ọmọ mi yìí náà ni, òun ló máa bá mi sọ fún ọ́fíìsì. Mo túmọ̀ ìyẹn. Mo túmọ̀ rẹ̀ pé pérépéré.

Wọ́n wá pè wá jọ sábẹ́ hángà ńlá tí a ń kó ẹrù sí kí wọ́n fi àwòrán náà hàn wá lára ògiri. Nọ́ńbà ni Madame fi sára róbótó kọ̀ọ̀kan, kò fẹ́ kí orúkọ jáde. Àwọn obìnrin ní àwọn ò gbà, wọ́n ní ṣé màlúù làwọn tí wọ́n á máa fi nọ́ńbà pe àwọn, ọ̀gá náà sì ní kó jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Madame ò fẹ́, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ nǹkan kan, orúkọ inú ìwé ilé iṣẹ́ jáde. Ariwo sọ. Ẹni tó mọ̀wé ń kà fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ọ̀kan ní àṣé òun sanra lára ògiri ju bí òun ṣe rí lọ. Wọ́n rí tèmi láàárín, wọ́n ń na ẹ̀yìn mi, wọ́n ní chef, chef, ìyẹn ọ̀gá. Ọmọ Dioula kan wà níbẹ̀, Mariam ni kí n pè é, oyún rẹ̀ ti tóbi nígbà náà, kò sí ohun tí kì í fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri, ó ní ta tún ni èyí tó lọ sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀? Róbótó kékeré kan ni. Kò sí ọfà kan tó wọlé tọ̀ ọ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló jáde lára rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń bọ̀. Ẹnì kan kà á, ó ní Habibatou.

Habibatou wo? Wọ́n ń wo ara wọn. Ẹnì kan ní bóyá lára àwọn tó ń wọlé lọ́sàn-án ni. Mariam ní ọfà náà ti sọ gbogbo rẹ̀, ìyàwó tí ọmọ yìí fi pamọ́ sínú ilé iṣẹ́ ni, kí n mú un jáde kí àwọn jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó. Gbogbo hángà ń rẹ́rìn-ín. Yorùbá kan lẹ́yìn mi ní òun ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ o, pé ẹni tó bá wà láàárín èèyàn tó pọ̀ tó báyìí tí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀, ẹ lọ wo ìwà rẹ̀. Ìyá Kúdí jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ orúkọ wọn bí wọ́n bá pè é. Wọ́n wo róbótó yẹn. Wọn ò wò mí. Nígbà tó yá, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Nínú gbogbo àwa òṣìṣẹ́ tí a wà lábẹ́ hángà yẹn, àwa méjì péré la mọ Habibatou. Mo lè dìde nígbà yẹn. Kí ló mú mi mọ́lẹ̀? Mo ń bi ara mi títí di òní.

Ọ̀gá fi èmi ṣe ẹni tó máa wà láàárín ọ́fíìsì àti àwọn tábìlì, wọ́n fún mi ní gilet, ẹ̀wù aláìlápá aláwọ̀ ewé, mi ò gbé àwo mọ́. Àwọn tí ọfà kankan ò wọ ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀gá ní wọ́n lè lọ síbòmíràn, kò sí okùn tó máa já. Madame ti kìlọ̀ fún un, etí mi ló ṣe, pé kì í ṣe nítorí kí wọ́n lè lé èèyàn kúrò láyè rẹ̀ lòun ṣe ya àwòrán náà. Ọ̀gá ní òun ò lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé Ìyá Kúdí lọ sí ibi tí wọ́n ń kó kaṣú tútù sí lójú ọ̀nà Brobo, eruku lásán, àpò lásán, àwọn ọkùnrin tó ń já ẹrù nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí tábìlì, kò sí ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n tẹ́lẹ̀.

Kí wọ́n tó lọ, a jọ rìn padà sí Koko nírọ̀lẹ́ kan. Wọ́n ń ṣàdúrà fún mi nítorí ipò tuntun, wọ́n ní kí Ọlọ́run gbé mi ga kí n má sì gbàgbé ara mi. Mò ń ṣe àmín. Ohun tí wọ́n wá bi mí rèé, mi ò yọ ọ̀kan níbẹ̀: "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀. Ṣé kò tiẹ̀ sí ẹni tó ṣèèṣì pè mí?" Mo ní wọ́n pọ̀ jù, Ìyá, mi ò rántí mọ́. Wọ́n ní kò burú, Ọlọ́run ló ni èèyàn. Wọ́n tún ìborùn wọn wé, a tẹ̀ síwájú. Mo rántí o. Mo rántí gbogbo wọn, bí wọ́n ṣe ń wọlé, bí ojú wọn ṣe ń rọ̀ bí wọ́n bá ti fẹ́ pe ìyá náà. Ọmọ Diabo kan tiẹ̀ sọ pé bí Mamie ò bá sí níbẹ̀, òun ì bá ti padà sóko.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Kúdí ti yí padà. Wọ́n á rí obìnrin ilé iṣẹ́ wa lọ́nà ní Koko, wọ́n á gba òdìkejì. Bí onítọ̀hún bá kí wọn, wọ́n á jẹ́ ẹ tán, wọn ò ní dúró. Àwọn kan ti ń sọ pé àgbà náà ti ń gbéra ga, pé àwọn gbọ́ pé ìyá náà fúnra wọn ló ní kí ọ̀gá gbé wọn lọ torí tábìlì ti sú wọn. Wọ́n bi mí, mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn tábìlì wa sì ń dàrú. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tún dìjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí, mo wọ gilet mi lọ síbẹ̀, mo sọ̀rọ̀ títí, wọ́n dákẹ́ kí n lè tètè lọ, mo yí ẹ̀yìn báyìí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọn ò bá mi jà. Wọn ò kàn rí mi bí ẹni tí wọ́n ń wá ni. Síbẹ̀, kí n má parọ́ fún yín mọ́, bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá ní bonjour chef, inú mi ṣì máa ń dùn. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Ohun tó lé mi dé ojú ewé yìí rèé. Mariam bímọ. Obìnrin ni. Ó ránṣẹ́ pè mí wá sílé ọkọ rẹ̀, mo bá a lórí ẹní pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ó ní Jímọ̀ làwọn máa sọ ọmọ lórúkọ, òun àti ọkọ òun ti fẹnu kò, Tantie Anango ni àwọn fẹ́ sọ ọmọ náà. Àwọn Dioula máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn sọ ọmọ, ọmọ á di togoma ẹni náà, bí ìgbà tí wọ́n fún onítọ̀hún lọ́mọ. Ó ní nígbà tí òòyì ń kọ́ òun nítorí oyún, Tantie ló gbé ìjókòó òun kúrò níbi ooru ààrò, tó ń fi ara bo òun bí òun bá sùn lọ sórí tábìlì. Ó ní àmọ́ láìpẹ́ yìí Tantie ò dáhùn òun dáadáa mọ́, òun ò mọ ohun tí òun ṣe, bóyá ọmọ yìí á bá òun bẹ̀ wọ́n. Ó wá ní ìwọ tí o mọ ìwé, kí lorúkọ wọn gan-an? Ó ní kí n má sọ fún wọn o, kí wọ́n gbọ́ ọ lójijì níwájú gbogbo èèyàn.

Mariam tó fi Habibatou ṣẹ̀fẹ̀ lójú gbogbo èèyàn nìyẹn... Mo ní màá lọ wò ó nínú ìwé. Ó ní kí n yára. Ó ti bi mí lórí WhatsApp lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀ yìí, mi ò tíì fèsì.

Ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá fún un ní orúkọ náà, àfáà tiwọn á pè é sí etí ọmọ lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo obìnrin ilé iṣẹ́ wa á wà níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ Habibatou, wọ́n á rántí ògiri. Wọ́n á mọ ẹni tí wọ́n rẹ́rìn-ín sí. Mariam náà á mọ̀, lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀. Wọ́n á wá bi ara wọn pé àwa kọ́ la pè é ni? Gbogbo ojú á wá yí sí ẹni tó ṣe ògbufọ̀. Ìyẹn tọ́ sí mi, mi ò sá fún un. Madame ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wo bí ìjókòó tuntun ṣe ń lọ, mo ti pinnu pé màá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kí wọ́n gba gilet wọn, bí wọ́n bá sì lé mi kúrò, kí wọ́n lé mi. Ìyẹn kọ́ ni mò ń bi yín. Ọ̀rọ̀ Ìyá Kúdí ni mò ń bi yín. Wọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri fúnra wọn láti ọjọ́ yẹn, pé gbogbo àwọn tí wọ́n fi epo pa lọ́wọ́, kò sí ọ̀kan tó rántí àwọn. Ọjọ́ kan sí i tí wọ́n bá fi gbà á gbọ́, èmi ni. Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn lánàá, mo gbọ́ ohùn wọn nínú ilé, wọ́n ń bá ọmọ ọmọ wọn wí nítorí bàtà, mo padà.

Bí mo bá lọ sọ fún wọn kó tó di Jímọ̀, mo ti ba ẹ̀bùn Mariam jẹ́, wọ́n sì lè ní àwọn ò lọ síbi ìsọmọlórúkọ kankan, torí ìbínú tí wọ́n máa bá mi bí. Bí mo bá dákẹ́ kí orúkọ ọmọ sọ fún wọn, wọ́n á gbọ́ ayọ̀ náà láàárín èrò, ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe pé mo tún ń fi ọmọ tuntun bo ara mi nìyẹn? Àbí kí n ní kí Mariam fúnra rẹ̀ lọ bá wọn nílé, kó sọ fún wọn pé òun pè wọ́n, kó sì bi wọ́n ní orúkọ lẹ́nu ara wọn, kí èmi wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Mi ò mọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ìyá tó wà lójú ewé yìí ni mo ń bẹ̀ jù, ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní Ìyá ẹni kan, tí orúkọ yín ti pẹ́ lẹ́nu ayé. Ká ní ẹ̀yin ni Ìyá Kúdí, ẹnu ta ni ẹ máa fẹ́ kí ẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ pé gbogbo wọn ló pè yín?